Iṣẹ́ Mẹ́rin tí Inú Ènìyàn Ń Ṣe

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ inú ènìyàn ni. Kí ló dé tí ènìyàn méjì á wo nǹkan kan náà, tí ohun tí wọ́n rí kò ní bára mu?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ obìnrin kan fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n fi dá owó jọ. Wọ́n gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ ta ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n sì rán ìyá mẹ́rin lọ wò ó.

Ìyá kìíní fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Ó wo páànù tó ń rin ẹ̀gẹ́, ó rí i pé ó ti dógùn-ún nísàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n tan án kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ìyá kejì kò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ púpọ̀. Ọ̀nà ló ń wò. Ó ní, “Ibí yìí ni àwọn ará abúlé mẹ́ta ń gbà lọ sọ́jà. Bí a bá ra ẹ̀rọ yìí, kò ní pẹ́ tí wọn á fi máa gbé ẹ̀gẹ́ wá bá wa.”

Ìyá kẹta ní, “Èló ni epo tí yóò máa jẹ lọ́jọ́? Abọ́ ẹ̀gẹ́ mélòó ni yóò rìn? Oṣù mélòó ni owó wa yóò fi padà wọlé?”

Ìyá kẹrin dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, “Opó ni obìnrin tó ń ta ẹ̀rọ yìí. Ìṣòro ló mú un tà á. Bí a bá rà á ní ọ̀pọ̀, ojú wo la ó fi máa wò ó lọ́jà?”

Nígbà tí wọ́n padà délé, ìjà dé. Ìyá kìíní pe ìkejì ní alálàá. Ìkẹta ní ìkẹrin ń sunkún ẹlẹ́kún. Ìkẹrin ní ìkẹta kò láàánú. Owó ọdún méjì wà nílẹ̀, ẹgbẹ́ sì ń fẹ́ túká. Irú èyí kò ṣàjèjì sí yín.

Bẹ́ẹ̀ kò sí òmùgọ̀ nínú wọn, kò sì sí ìkà.

Dókítà kan wà ní ilẹ̀ Switzerland tó ń jẹ́ Carl Gustav Jung. Wọ́n bí i ní 1875, ó kú ní 1961. Àwọn tí ọkàn wọn dàrú ló ń tọ́jú. Òun àti ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ yìí, Sigmund Freud, jọ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n pínyà ní 1913. Dókítà mìíràn, Alfred Adler, ti kúrò lọ́dọ̀ Freud ṣáájú. Jung bi ara rẹ̀ pé: báwo ni àwọn ọlọ́gbọ́n méjì ṣe lè wo aláìsàn kan náà, kí ọ̀kan wí tibí, kí èkejì wí tọ̀hún? Ìbéèrè yìí wà lára ohun tó mú un kọ ìwé ńlá kan tó jáde ní 1921. Ìjà àwọn dókítà náà kò yàtọ̀ sí ìjà nítorí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́.

Jung ní iṣẹ́ mẹ́rin ni inú ènìyàn ń ṣe. Méjì wà fún gbígba nǹkan wọlé. Èkíní ni kí ojú rí, kí etí gbọ́, kí ọwọ́ kàn án. Èkejì ni ojú inú, tó ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kó tó débẹ̀. Méjì tó kù wà fún ìdájọ́. Ọ̀kan ni ìrònú, tó ń bi wá pé: ṣé ó tọ̀nà? Èkejì ni ìmọ̀lára ọkàn, tó ń bi wá pé: ṣé ó yẹ? Ẹ ṣọ́ra níbí o. Jung kò sọ pé ẹkún tàbí ìbínú ni ìmọ̀lára yìí. Ìwọ̀n ni. Ó ń wọn ohun tó níyì àti ohun tí kò níyì.

Gbogbo wa la ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń lágbára ju ìyókù lọ, bí ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó dojú kọ ọ́ á sì dà bí ọwọ́ òsì. Ẹni tó gbójú lé ìrònú, ìmọ̀lára lè ṣòro fún un. Bákan náà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè kọjú sí òde tàbí kó kọjú sí inú. Ìyẹn ló fi di mẹ́jọ. Ènìyàn méjì lè mọ ìṣirò dáadáa: ọ̀kan á máa kà á sókè láàárín èrò, èkejì á dákẹ́, á lọ sílé, á sì mú èsì wá lọ́jọ́ kẹta. Nínú kíláàsì wa, ẹni ìkejì yìí ni wọ́n máa ń pè ní olódo. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Mo ti rí àgbàlagbà tó pa ìwé tì nítorí pé wọn kò fún un láyè láti dákẹ́ kó ronú.

Ní Amẹ́ríkà, ìyá àti ọmọ kan, Katharine Briggs àti Isabel Myers, mú ọ̀rọ̀ Jung, wọ́n sọ ọ́ di ìbéèrè lórí ìwé. Ẹni tó bá dáhùn, wọn á fi í sí ọ̀kan nínú ìsọ̀rí mẹ́rìndínlógún. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń lò ó. Èmi kò gba tèyí tán. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá tún ìbéèrè náà dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan á bọ́ sí ìsọ̀rí mìíràn, nítorí pé àárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà. Ènìyàn kì í ṣe àgbàdo tí a ń ṣà sínú apẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ní òṣùwọ̀n tiwọn, onílà márùn-ún, tí wọ́n rò pé ó bá gbogbo ayé mu. Wọ́n gbé e lọ bá àwọn Tsimane ní Bolivia, àgbẹ̀ àti ọdẹ tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé. Àgbàlagbà 632 ni wọ́n bi léèrè, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2013. Ìlà márùn-ún náà kò hàn dáadáa. Ohun tó hàn jù ni méjì: bí ènìyàn ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé, àti bó ṣe ń fi ara ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá ọjà Ikpinlè ì bá ti sọ ọ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Èdè tiwa náà mọ ìyàtọ̀. Olùkọ́ méjì ní Yunifásítì Ifẹ̀, Barry Hallen àti J. O. Sodipo, bá àwọn oníṣègùn Èkìtì sọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Àwọn àgbà náà ní ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ènìyàn lè sọ pé òun mọ̀. Èyí tí ènìyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ fi èyí wo ẹgbẹ́ wa. Ìyá kìíní mọ̀ pé páànù ti dógùn-ún. Ìyá kejì gbàgbọ́ pé àwọn oníbàárà yóò wá. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ má ná owó bí ẹni pé wọ́n ti dé.

Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ní ẹgbẹ́ yín, kí akọ̀wé fa ìlà sí ojú ìwé kan, kó pín in sí mẹ́rin: ohun tí a rí; ohun tó lè ṣẹlẹ̀; ìṣirò; ohun tó yẹ. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oníkálukú síbi tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Kí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Nígbà náà, ìyá kìíní lè mú ẹni tó mọ ẹ̀rọ wá, kí ìkejì lọ bi àwọn abúlé mẹ́ta bóyá wọn á wá, kí ìkẹta fi owó páànù tuntun kún ìṣirò, kí ìkẹrin bá opó náà sọ iye tí kò ní pa á lára.

Iṣẹ́ ilé yín rèé. Ẹ kọ orúkọ ẹnìkan tí ẹ jọ ń gbé, tí ọ̀rọ̀ yín kì í bára mu. Ẹ kọ iṣẹ́ tó lágbára jù nínú rẹ̀ lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ orúkọ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìwé kó kọ tiyín. Bí kò bá mọ̀wé, kó sọ ọ́, kí ẹ̀yin kọ ọ́ bó ṣe wí gan-an. Ẹ mú un wá sí kíláàsì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.