Orúkọ Gbogbo Ayé Kì Í Ṣe Ohun Ìní Ẹnì Kan
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òkukù)



Àwọn ọ̀dọ́ wa dábàá pé kí ẹgbẹ́ ra orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀ èrò wa. Ẹnì kan ní bí a bá ti rà á, ọ̀rọ̀ náà di tiwa nìyẹn. Rárá o! Ríra orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì dà bí gbígba ṣọ́ọ̀bù lọ́jà: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń gbà á, á sì máa san owó rẹ̀. Àmì òwò yàtọ̀. Ìjọba ló ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó ni ín sì lè pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Òfin Àmì Òwò Nàìjíríà ti ọdún 1965 kò fẹ́ kí ẹnì kan dá gba ọ̀rọ̀ tó kàn ń sọ irú ọjà, tàbí orúkọ ìlú lásán. Bí ẹnì kan bá gba "Búrẹ́dì", kí ni àwọn oníbúrẹ́dì yòókù yóò máa pe tiwọn?

Ní Amẹ́ríkà, Booking.com, tí ń bá èèyàn gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, jà fún orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2020, adájọ́ 8 nínú 9 ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre: bí àwọn oníbàárà bá mọ odindi orúkọ náà mọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó lè di àmì òwò. Ṣùgbọ́n "booking" fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ti gbogbo ayé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, CultureTree, tí ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè wa, fẹ́ forúkọ "Yoruba Stars" sílẹ̀. Timbuktu Global, ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìlú Ọba, tako o, nítorí pé ó ti gba "Yoruba" ṣe àmì òwò. Orúkọ tí a bí wa bá! Ní 2021, ariwo ta. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti fi àmì náà lé CultureTree lọ́wọ́. Ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣe é.

Nítorí náà, àbá mi mẹ́ta rèé. Kí a má pe tiwa ní "Ọkọ̀ Èrò" tàbí "Òkukù" lásán. Kí a dá orúkọ tó yàtọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kí a fi rà á, kì í ṣe orúkọ Akọ̀wé tàbí tèmi. Ẹni tó bá fi ipò sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e lọ. Kí Akápò sì máa san owó rẹ̀ lásìkò.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.