Owó Tó Ń Rọ̀ Bí Òjò: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ìrànwọ́ fún Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá Láàrin Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Kómítì Ìrànwọ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)

Àwa kómítì ìrànwọ́ ni wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lónìí. A ò ní pẹ́, torí gbogbo wa la ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà nípàdé tó kọjá la fẹ́ dá padà sí. Ọ̀kan nínú wa, aláta ni, ọkọ̀ kọ lù ú, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó ti fẹ́ padà sídìí ọjà. Ó ní kí ẹgbẹ́ máa fún òun lówó díẹ̀ lóṣooṣù nínú àpò ìrànwọ́, fún ọ̀kadà tí á máa gbé òun àti fún ọmọ tí á máa bá òun gbẹ́rù. Àwọn kan ní kò burú. Àwọn kan ní rárá o, tá a bá bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, gbogbo wa la ó máa tiro wọ ìpàdé. A jọ rẹ́rìn-ín ni, àmọ́ ìbéèrè gidi ni.

Ìbéèrè yìí kan náà ló ń da àwọn òyìnbó láàmú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1992 ni ìjọba ti ń san owó kan pàtó fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Láti 2013 ni wọ́n ti ń fi èyí tí wọ́n ń pè ní PIP rọ́pò rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Àwọn tó ń gba PIP ti lé ní mílíọ̀nù 3 báyìí, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ní 2025 ìjọba ní owó náà ti fẹ́ ju agbára òun lọ, ó fẹ́ sọ gbígbà rẹ̀ di líle. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ gan-an ló fárí gá, nígbà tó sì di oṣù keje, ìjọba yọ apá yẹn kúrò nínú àbá òfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Peckham á ti gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. PIP yẹn kì í ṣe owó àìríṣẹ́ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ń gbà á, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ń gbà á. Ìnáwó tí àìlera ara ń dá síni lọ́rùn ni wọ́n torí ẹ̀ ṣètò rẹ̀. Ẹ fi wé tiwa. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ pé lè fẹsẹ̀ rìn láti Àgbowó wá sí Bódìjà. Ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ á san owó ọ̀kadà wá, á san án lọ, á tún san owó alábàárù. Ata kan náà ni wọ́n rà, iye kan náà ni wọ́n tà á. Ṣé èrè wọn á dọ́gba?

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kẹ́nikẹ́ni má fìyà jẹ àkàndá ẹ̀dá. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Ẹ wo àyíká yín. Ó tún ní káwọn iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò dá owó oṣooṣù kankan sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé owó ìjọba á sọ àkàndá di ọ̀lẹ, a máa ń bi í pé: owó wo?

Èyí tó bá sì wá, kì í dúró. L'Ékìtì, 2011 ni ìjọba Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó ní N5,000 lóṣù. Ìjọba yí padà ní 2014, owó dáwọ́ dúró. Ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ N5,000 lóṣù fáwọn tálákà ní 2016. Ní 2023 wọ́n ní yóò di N25,000 fún oṣù 3. Nígbà tó di oṣù kìíní 2024, wọ́n so ètò náà rọ̀ nítorí ẹ̀sùn owó.

Ẹ̀yin náà mọ TraderMoni. 2018 ló dé, N10,000 láìsí èlé. Tóo bá dá a padà, wàá gba N15,000, á máa ròkè bẹ́ẹ̀ títí dé N100,000. Igbákejì Ààrẹ Ọ̀ṣínbàjò fúnra rẹ̀ ń lọ láti ọjà dé ọjà, ìdìbò 2019 sì ti sún mọ́lé. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní owó ìbò ni, wọn ò dá a padà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn èèyàn yìí kan náà, wọn kì í jẹ owó àjọ! Owó àjọ, wọ́n mọ ibi tó ti wá, wọ́n mọ̀ pé á tún yípo kàn wọ́n. Owó tó ń rọ̀ bí òjò, garawa ni kálukú ń sáré gbé síta. Lójú tiwa, òun gan-an ló ń kọ́ni ní àtẹ́lẹwọ́ títẹ́, kì í ṣe èyí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù téèyàn lè fi ṣètò ọjà.

Àbá wa rèé. Kí ẹgbẹ́ san owó ọ̀kadà àti ti alábàárù fún aláta wa, níwọ̀n ìgbà tó bá ń jáde. Kí èèyàn mẹ́ta máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, nídìí àtẹ rẹ̀ ni o, kì í ṣe nílé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ní kó ká aṣọ sókè nípàdé. Ti ayédèrú aláìsàn tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù, èèyàn lè purọ́ fún ọ́fíìsì ìjọba, àmọ́ ta ló fẹ́ purọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ń patẹ? Owó tó fẹ́ yá, ìyẹn lọ́tọ̀. Yóò san án bí gbogbo wa ṣe ń san. Oníduúró ni kò rí, torí ẹsẹ̀ yẹn. Kómítì á dúró fún un.

Ẹni tára rẹ̀ ò bá gbà á láti tajà mọ́ rárá ńkọ́? Òun náà ti dáwó fún ọdún púpọ̀ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gba tirẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀. Ti ilé ìwòsàn, apá wa ò ká a, ìjọba la ó máa bi.

N200 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù la bù ú sí. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹni tí ò bá lè kà á, kó ní kí wọ́n ka á fún òun. Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó dìbò. Ẹ jọ̀wọ́, kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin aláta, pákó orí gọ́tà tó wà níwájú ìlà yín ti jẹrà. Ẹ bá wa pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀pá ni obìnrin yẹn fi ń rìn.