Bí Èéyi Bá Wọ Ibùdó Ogunléndé
Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlera kan bá àwọn ará Àgbádárìgì sọ

 

Ojú ọ̀nà ni Àgbádárìgì wà. Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, tí ó sì dé Kútọnu àti Lómè, ni a ń gbà lọ sí ọjà. Òun náà ni ẹni tí ìjà lé kúrò nílé lè gbà tọ̀ wá wá. Ní 1990, nítorí ogun Làìbéríà, a ṣí ibùdó fún àwọn ogunléndé ní Òrù, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní 2005, lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹrin ní Tógò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá wọ Gánà àti Bẹ̀nẹ̀. A sì pa ibùdó fún wọn ní Comè àti Agamé ní Bẹ̀nẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a mọ ohun tí a ó ṣe kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹni tí ogun lé dé kì í rí ẹrù púpọ̀ gbé. Nínú ibùdó, ènìyàn ń sùn fún ara wọn, oúnjẹ kì í tó, káàdì àjẹsára ọmọ sì ti sọnù lójú ọ̀nà. Irú ibẹ̀ gan-an ni èéyi ti ń ṣọṣẹ́. Ní 1985, ní ibùdó Wad Kowli ní ìlà oòrùn Súdàánì, níbi tí àwọn tí ó sá kúrò ní Etiópíà kó sí, èéyi wà lára ohun tí ó pa àwọn ọmọdé jù lọ.

Ọmọ kan tí ó ní èéyi lè kó o ran ènìyàn 12 sí 18 nínú àwọn tí kò ní ààbò. Ó ti ń ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ 4 kí ara rẹ̀ tó sú. Nítorí náà, nígbà tí ìyá bá fi ojú rí i, àrùn náà ti rìn jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Ní nǹkan bí 1960, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà rí i ní Ìmẹ̀sí-Ilé pé ọmọ tí oúnjẹ kò kánú ni èéyi ń pa jù. Àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ gún ní àjẹsára èéyi ní Áfíríkà. Láti 1967 a ń gún àjẹsára ṣànpọ̀nná àti ti èéyi pa pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣànpọ̀nná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970, ṣùgbọ́n èéyi padà wá, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń bí ọmọ tuntun. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Kí ni kí a ṣe? Ọmọ kan ṣoṣo tó láti fi ké gbàjarè. Bí ara ọmọ bá gbóná tí ó sì sú, tí ó ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ ránṣẹ́ sí wolé-wolé tàbí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Yóò béèrè ọjọ́ orí ọmọ, ọjọ́ tí ara rẹ̀ sú, ibi tí ó ti wá, àjẹsára tí ó gbà, àti àwọn tí ó bá a sùn nínú yàrá. A ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣàìsàn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má bẹ̀rù. A kò wá ẹni tí a ó lé. Ọ̀nà tí àrùn gbà wọlé ni a ń wá.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í dúró de èsì. Gbogbo ọmọ inú ibùdó, láti oṣù 6 dé ọdún 15, ni kí ó gbà á bí wọ́n bá ti ń dé, kí àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn sì gba fítámì A pẹ̀lú. Ọmọ tí èéyi ń ṣe yóò gba fítámì A lónìí, yóò sì tún gbà á lọ́la. Ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ. Ẹ má fi ẹran, ẹja tàbí ẹyin dù ú. Ẹ má sì kán ohunkóhun tí dókítà kò fún yín sí i lójú, nítorí ọmọ mìíràn ti fọ́jú nípa bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ti àlejò nìkan ni. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Kànga kan náà ni a ó jọ pọn, ọjà kan náà ni a ó jọ ná. Ọmọ tiwa náà gbọ́dọ̀ gba àjẹsára èéyi ní oṣù 9, kí ó sì gba èkejì ní oṣù 15. Bí 95 nínú 100 ọmọ bá ti gbà á, èéyi kò ní rí ibi fìdí múlẹ̀.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ wo káàdì àwọn ọmọ yín. Èyí tí kò bá pé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la.