Òdòdó Tí Òjò Àkọ́rọ̀ Ń Jí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ó ní ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò: kò ta yín nímú. Kì í ṣe àlùbọ́sà. Oró ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè máa bì, ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ ẹ́ sì lè kú.

Scadoxus multiflorus ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Haemanthus ni onímọ̀ ewéko Thomas Martyn kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 1795, ìyẹn òdòdó ẹ̀jẹ̀ lédè Gíríìkì. Onímọ̀ ewéko mìíràn, Rafinesque, yí orúkọ náà padà sí Scadoxus ní 1838, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó di 1976 kí àwọn onímọ̀ ewéko Friis àti Nordal tó gbè é lẹ́yìn. Ẹ wá rí i pé àwa olùkọ́ yunifásítì kì í kánjú!

Ẹ má wá a lọ sókè òkun. Láti Senegal dé Somalia, títí dé Gúúsù Áfíríkà, inú igbó àti ọ̀dàn wa ló ń gbé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, ewé rẹ̀ á gbẹ, á pòórá pátápátá. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń jí i. Lẹ́yìn òjò kejì tàbí kẹta, igi òdòdó kan ṣoṣo á yọ ṣóńṣó jáde nínú ilẹ̀ lásán, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ewé kankan. Orí rẹ̀ á là, á di bọ́ọ̀lù pupa tó tóbi bí orí ọmọ ọwọ́. Òdòdó kéékèèké ló kóra jọ bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn pupa mẹ́fà tí ẹnu wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Mo jókòó kà wọ́n lọ́jọ́ kan; nígbà tí mo dé ọgọ́rùn-ún, ó sú mi. Wọ́n lè tó 200.

Ibi tí a ti ń ṣì í mọ̀ nìyí: nígbà tí ewé bá fi máa gbilẹ̀, òdòdó ti rọ. Ẹni tó mọ òdòdó kò mọ ewé. Èmi fúnra mi ti fi ọkọ́ ro ewé rẹ̀ dànù ní oṣù Keje, mo pè é ní koríko. Ewé yẹn ló ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú ilẹ̀. Lọ́dún kejì, n kò rí òdòdó kankan. Ìdí ewé ni kí ẹ máa wò: ó wé mọ́ra bí igi, ó sì ní àmì tóótòtó bíi ti ara ẹtù.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kó má hú u nígbà tó bá ń tanná. Kó dúró de èso pupa rẹ̀, kó fọ ẹran ara èso náà kúrò, kó sì gbé kóró rẹ̀ lé orí ilẹ̀ tútù lábẹ́ ìbòòji. Kó má rì í mọ́lẹ̀. Yóò ní sùúrù ọdún bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rí òdòdó. Bó bá jẹ́ kókó rẹ̀, bí èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ló rí, kí ọrùn kókó náà hàn díẹ̀ lókè, nínú ilẹ̀ tí kì í dá omi dúró. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, kó gbàgbé rẹ̀. Omi ló ń mú un jẹrà.

Mo ti ri igi kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi báyìí, kí n má bàa ro ó dànù mọ́. Ní oṣù Kejì, ọmọkùnrin tó ń bá mi ro ẹ̀yìnkùlé bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ ń ṣọ́ lórí ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan?" Mo ní kó jẹ́ kí òjò rọ̀ ná.