Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà



Láti 1995 di 2004, ìwé ìròyìn géèmù kan ní Ìlú Ọba, Official UK PlayStation Magazine, máa ń so síìdì ọ̀fẹ́ mọ́ ìwé. Ọmọ á fi tọ́ géèmù wò kí òbí tó náwó.

Ní 2004 kan náà, ìwé ìròyìn méjì níbẹ̀, PSM2 àti Xbox World, fún géèmù Driv3r ní máàkì 9 nínú 10. Eurogamer fún un ní 3. Àwọn òǹkàwé fẹ̀sùn kàn wọ́n pé torí kí wọ́n lè kọ́kọ́ rí géèmù náà ni. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra géèmù ní ọjà Wúsè, ẹ má gba ẹnu ẹnìkan gbọ́. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ fojú ara yín rí i. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.