Ṣáájú Ìkómọ: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí lórí Àrùn Mẹ́dọ̀wú

 

Ọ̀rọ̀ àrùn mẹ́dọ̀wú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hẹpatáítíìsì B ni a fẹ́ bá yín sọ. Inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ni kòkòrò àìfojúrí tí ó ń fà á máa ń wà. Ìyá lè ní in fún ọdún pípẹ́ kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, síbẹ̀ kí ó kó o ran ọmọ rẹ̀ nígbà ìbí.

Nínú àgbàlagbà 100 tí ó bá kó o, àwọn tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó 5. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ 10 tí ó bá kó o nígbà ìbí, nǹkan bí 9 ni àrùn náà yóò bá dàgbà.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Àbùdá kòkòrò yìí dà bí ìwé tí a fi lẹ́tà bí 3,200 kọ. Bí ó ti ń bí sí i nínú ẹ̀dọ̀ ni ó ń da ìwé náà kọ, kì í sì í yẹ ohun tí ó kọ wò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àṣìkọ ń pọ̀ sí i. Bí lẹ́tà 1896 bá yí padà, ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn bí ẹni pé àrùn ti rọlẹ̀, nígbà tí ó ṣì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ní kọ̀rọ̀. Bí lẹ́tà 1762 àti 1764 bá yí padà, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ a máa pọ̀ sí i. Ẹni tí ó kó àrùn yìí ní ọmọ ọwọ́ ni ó fún un láàyè jù lọ láti yí padà bẹ́ẹ̀.

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Èèwọ̀ ara kòkòrò náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara ọmọ láti dá mọ̀. Àwọn àṣìkọ tí a kà sílẹ̀ yìí kò sí lára èèwọ̀ náà. Nítorí náà ni àjẹsára fi lè dí ọ̀nà mọ́ ọn kí ó tó wọlé.

Ó jẹ́ àṣà wa láti fi ọmọ tuntun pamọ́ sínú ilé títí di ọjọ́ kẹjọ. Àṣà rere ni, ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í dúró de ìkómọ. Láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ni kí ó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ì báà ṣe ilé ni a bí i sí. Bí àkókò bá ti kọjá, ẹ má ṣe jókòó. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Kí ó tún gba ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà nínú ètò àjẹsára orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe fi ìyá ọmọ nìkan sílẹ̀.

Ẹ ó rí èrè ọmọ jẹ o.