Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Fídíò Ọkọ̀ Wa?



Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n kò nílò kí n ṣàlàyé ìbẹ̀rù fún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adeusi, ní Elegbeka nígbà tí kábíyèsí ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Kò lè yà mí lẹ́nu bí ọlọ́kọ̀ bá ń wá kámẹ́rà tí yóò máa fi fídíò ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí kò ní ààbò lè wúlò fún ajínigbé ju bó ṣe wúlò fún wa lọ.

Kámẹ́rà á gé fídíò sí wẹ́wẹ́, á máa jù wọ́n sí òpó nẹ́tíwọ̀kì tó bá sún mọ́ ọn, láti òpó dé òpó. Títì fídíò náà pa, kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ má lè wò ó, kì í ṣe ìṣòro mọ́: ìlànà AES tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001 ṣì ń tì í gbọn-in. Ọwọ́ àwọn tó mú kọ́kọ́rọ́ ni ìṣòro wà. Ní oṣù Kẹrin 2023, ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters tú u síta pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Tesla kan ti ń pín àwòrán inú kámẹ́rà ọkọ̀ àwọn oníbàárà láàárín ara wọn. Olè kankan kò jálẹ̀kùn. Àwa ńkọ́, tí ènìyàn márùn-ún ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo, tí ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ṣì mọ̀ ọ́n? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tiẹ̀ nílò àwòrán. Kó sáà ti mọ ibi tí ọkọ̀ dé.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni fídíò àná. Ẹni tó bá rí ọ̀nà wọlé lè tún fi í ránṣẹ́: ọ̀gá á jókòó ní gáréèjì, á máa wo èrò tó ń sùn, dírẹ́bà tó ń jẹ obì, ọkọ̀ gan-an ti wà nínú igbó. Nítorí náà ni ègé kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, àkókò àti ìbuwọ́lù ẹ̀rọ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ tó ń gbà á á pariwo. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì ojú ọ̀nà wa ń lọ ó ń bọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí gbogbo ìdákẹ́ bá ń di ariwo, kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ á fi pa ẹ̀rọ náà. Káàdì inú ọkọ̀ ni kó máa gba fídíò ibi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì pamọ́ títí nẹ́tíwọ̀kì á fi dé.

Kámẹ́rà kò sì gbọ́dọ̀ bá bíréèkì lo wáyà kan náà. Ní 2015, àwọn olùwádìí ààbò kọ̀ǹpútà méjì, Charlie Miller àti Chris Valasek, gba inú rédíò ọkọ̀ Jeep kan dé bíréèkì rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.4 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é pè padà.

Bí ẹnìkan bá gbé kámẹ́rà wá tà fún yín, ẹ bi í pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́, níbo ni fídíò ń sùn, ọjọ́ wo ni wọ́n ń pa á rẹ́. Bó bá ní “orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà”, tí kò ní èsì míì, ẹ jẹ́ kó gbé ọjà rẹ̀ lọ.